Àpò Ọkà Tí Mo Fi Bo Ojú Ẹ̀rọ Ìlú

Joellen ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé otútù Chicago yẹn kò tíì wọ inú egungun rẹ? Àwọn tó ń fi bàtà gbá ilẹ̀ lókè orí rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Mi ò tíì lóye bí èèyàn ṣe máa gbà kí ẹlòmíràn máa gbé lórí òun, níbi tó jẹ́ pé níhìn-ín ní Sorrel Hills òfin ò gbà kí ilé kankan ní òkè, kálukú wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kálukú sì mọ ohun tó wà lórí òun. Ọlọ́run tó ń gbé ọ gun àjà méjìlélógún lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ yóò máa gbé ọ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè ibẹ̀ kò ní há mọ́ ọ lójú ọ̀nà. Àmín.

Kí o tó ka lẹ́tà yìí síwájú, jọ̀ọ́, wá nǹkan jókòó lé. Kò sẹ́ni tó kú. Juniper ẹṣin wa ò kú, èmi náà ò kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí ìtìjú pa mí ní gbọ̀ngán ìlú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, Joellen, kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí ní gbogbo orí òkè yìí, mo sì ti wà níbí láti ìgbà tí ọ̀nà wa ṣì jẹ́ erùpẹ̀.

Ilé dáadáa ni. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ so títí ẹ̀ka kan fi ya. Ignacio tó ń kan bàtà mọ́ àwọn ẹṣin wa lẹ́sẹ̀ láti ìgbà tí o wà ní kékeré ní ẹ̀yìn ń dun òun, ṣùgbọ́n ó ní kí n kí ọ, ó sì ní ṣé o ti ń jẹun. Ti Juniper ni kò dáa. Ojú òsì rẹ̀ ti lọ pátápátá, dókítà ẹran sì ní ọ̀tún náà kò rí ju òjìji lọ. Ó ní ẹṣin ọlọ́dún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti ṣe bẹbẹ, kí n máa rọra. Kò lè gba ojú títì tí mọ́tò ń gbà mọ́, ìró kan péré á mú un fò sókè. Àmọ́ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wa yẹn, èyí tí bàbá rẹ máa ń gbà, ó mọ̀ ọ́n látorí. Ó mọ ibi tí òkúta wà, ó mọ ibi tí ẹ̀ka igi ti rẹlẹ̀, ó máa ń tẹ orí ba fúnra rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ nìkan ni ara rẹ̀ ti ń yá. Tí mo bá fi gàárì lé e láàárọ̀ tí ó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀yìn, á máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́rin.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, o ṣeun, ṣùgbọ́n irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí Juniper, á dún, á kọ ọ́ sójú pé mo kú iṣẹ́, mo ti rin ẹgbàárin ìṣísẹ̀ lónìí, kí n má jẹ́ kó rẹ̀ mí. Mo sọ fún un pé èmi kọ́, Juniper ló rìn, èmi jókòó ni. Kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún kí mi. Mo wá so ó mọ́ gàárì kó lè máa kí ẹni tó yẹ kó kí, Juniper gbọ́ ohùn rẹ̀, ó mi orí, láti ìgbà náà ni mo ti fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún ara wọn.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ rèé. Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo gun Juniper jáde, a dé ibi tí ọgbà wa ti pàdé ti Ọ̀gbẹ́ni Brill, ọkùnrin tuntun tó ra ilé àwọn Pemberton, tí kì í jáde, tó jẹ́ inú ilé ẹṣin rẹ̀ ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Mo kàn rí òpó kan tí ẹnì kan rì mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún ọ̀nà, àpótí kékeré wà lórí rẹ̀, àpótí yẹn ní ojú dúdú kan àti iná pupa tó ń ṣẹ́jú. Bí a ṣe súnmọ́ ọn, ó dún kẹ̀ẹ́! Juniper fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, àlùkẹ̀mbù tí mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ lára gàárì yọ lẹ́sẹ̀ mi, ọrùn rẹ̀ ni mo dì mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọrùn rẹ̀ nípọn. A ò tíì kọjá níwájú ojú dúdú náà tí mo fi yí i padà.

O mọ bá a ṣe ń ṣe níbí. Ohunkóhun tó bá ń dẹ́rù ba ẹṣin lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò bò ó, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ni nǹkan náà á sì tún dúpẹ́. Ṣé o rántí ère ìhòòhò tí àwọn Pemberton gbé síwájú ilé, tí bàbá rẹ fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa wé láàárọ̀ ọjọ́ tí ìlú ń fi ẹṣin yíde? Ìyàwó Pemberton fi kéèkì ṣọpẹ́, ó rò pé nítorí ìwà mímọ́ ni. Ẹṣin ni bàbá rẹ ń rò. Nítorí náà mo padà sílé, mo gé àpò ọkà Juniper, mo rán an bíi fìlà, mo fi bo àpótí náà dé ọrùn, mo fi okùn dè é ní ìdè ẹlẹ́ẹ̀mejì tí bàbá rẹ kọ́ wa. Mo rò pé ẹ̀rọ tó ń wọn òjò ni, òjò ò sì rọ̀, mo ní kò sóhun tó máa pàdánù. Mo tilẹ̀ fọwọ́ pa á lórí kó má bàa bínú. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ tún okùn náà dè. Juniper ń kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kò tún fò mọ́. Inú mi dùn sí ara mi.

Ìgbà tó di oṣù kẹrin, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìlú. Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà. Wọ́n ní àwọn gbé ẹ̀rọ sí ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wa láti mọ iye ẹṣin tó ń gba ibẹ̀, àti pé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, òdo ni. Òdo, Joellen! Kò sí ẹṣin kankan. Wọ́n ní ọ̀nà tí ẹṣin kò gbà kì í ṣe ọ̀nà ẹṣin mọ́, wọ́n á dí i, wọ́n á pín ilẹ̀ rẹ̀ fún ilé tó wà lápá ọ̀tún àti ilé tó wà lápá òsì, èyí ni pé fún Brill àti fún èmi. Wọ́n tún wá kí mi kú oríire. Yéè! Ta ni wọ́n ń kí? Tí wọ́n bá dí ọ̀nà yẹn, ibo ni Juniper máa gbà? Ojú títì ló kù, kò sì lè gba ojú títì. Inú ọgbà kékeré yẹn ni yóò dúró, tí yóò máa gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣí mọ́, títí tó máa fi kú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Mo sọ fún ara mi pé owó ti yí ẹ̀rọ wọn lójú. Ta ló máa jèrè? Brill ni. Mo ní ó ti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, wọ́n ti jọ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Lẹ́tà náà ní ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó lọ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i. Fọ́ọ̀mù náà kò tíì bi mí ní orúkọ tó fi ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn ni mí. Mo ní kò burú, wọ́n ń ṣọ́ra ni. Ó wá fi àwòrán mẹ́sàn-án hàn mí, ó ní kí n tẹ gbogbo èyí tí ẹṣin wà nínú rẹ̀. Háà, mo rẹ́rìn-ín! Èmi ìyàwó Lowell Ashcombe, ẹni tó ṣe adájọ́ ìdíje ẹṣin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi ni wọ́n fẹ́ fi ẹṣin dán wò? Mo nu awò ojú mi, mo wò ó dáadáa. Àwòrán mẹ́ta, igi àti ilé lásán. Ọ̀kan, ìbaaka ni, etí rẹ̀ ti sọ ọ́. Mẹ́ta, póní ni, àwọn kúkúrú alágídí tí gíga wọn, tí a ń fi ìbú ọwọ́ wọ̀n, kò tó ọwọ́ mẹ́rìnlá lé íǹṣì méjì, tí bàbá rẹ kì í jẹ́ kí wọ́n wọ pápá ẹṣin. Ẹṣin tó kù, méjì péré. Mo tẹ méjèèjì. Fọ́ọ̀mù ní mo ṣì í, kí n tún gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló kó póní wá pé ẹṣin ni, mo kọ̀ fún un. Níkẹyìn ó ní kò dá òun lójú pé èèyàn ni mí, ó sì pa ara rẹ̀ dé. Joellen, mo dìde, mo lọ wo ara mi nínú dígí.

Inú bí mi. Mo mú bírò, mo kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì sí ìlú. Mo ní ẹ̀rọ wọn tí kò mọ ẹṣin yàtọ̀ sí póní, kò lè jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin. Mo ní póní kì í ṣe ẹṣin, kò ṣe ẹṣin rí, kò sì ní di ẹṣin lọ́la, ẹni tó bá pe póní ní ẹṣin kò yẹ lẹ́ni tó ń ṣèlú ní Sorrel Hills. Mo fọwọ́ sí i. Mo gbé e fún Trudy akọ̀wé ìlú fúnra mi, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó fi sínú fáìlì, ó ní ẹ ṣeun, Ìyáàfin Ashcombe, ọ̀rọ̀ yín ti wọlé. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá bá a.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ignacio fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ. Gbọ̀ngán kún. Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo wọ̀ síbi ìgbéyàwó rẹ. Nígbà tí alága pè mí, mo bọ́ síwájú, mo sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ inú mi sílẹ̀. Mo nàka sí Brill níbi tó jókòó sí pẹ̀lú sókòtò àwọ̀sùn tó ń pè ní sókòtò ìjáde, mo ní òun ló ra ojú ẹ̀rọ. Mo gbé fóònù rẹ sókè, mo ní ẹlẹ́rìí mi rèé, ẹgbàárin ìṣísẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ bi í, ẹsẹ̀ ẹṣin mi ni ó ń kà láti oṣù kìíní. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ tí Ignacio fi èdè ilé rẹ̀ pè mí ní Ìyáàfin, ó ní ẹ sọ ọ́, Doña Verna, ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀. Brill kàn ń wò mí ni, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Trudy wá rọra dìde, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Ìyáàfin Ashcombe, ẹ̀rọ yẹn máa ń ya àwòrán pẹ̀lú, bóyá kí gbogbo wa jọ wò ó. Ó pa iná. Àwòrán tóbi bo gbogbo ògiri. Àwòrán àkọ́kọ́, imú èèyàn ni. Imú ńlá, Joellen, tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Mo kọ́kọ́ ń ṣàánú ẹni tó ni irú imú bẹ́ẹ̀. Trudy tẹ nǹkan, àwòrán náà fà sẹ́yìn díẹ̀, mo rí fìlà mi, mo rí eyín mi, mo rí àpò ọkà ní ọwọ́ mi, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ojú ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ dé ọmọ ní fìlà. Àwòrán kejì, òkùnkùn. Ẹ̀kẹta, òkùnkùn, tí èèyàn bá wò ó dáadáa, á rí òwú àpò ọkà. Ẹ̀kẹrin, òkùnkùn. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ òkùnkùn! Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ìka mi nìkan, níbi tí mo ti ń tún okùn dè.

Mo kú tán. Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, alága gan-an fi ìwé bojú, Ignacio tó ní kí n má fi nǹkan kan sílẹ̀ ti ń wo àjà. Ẹ̀rọ tó yẹ kó jẹ́ ojú kẹta fún Juniper, èmi ni mo fọ́ ọ. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, pẹ̀lú ìdè ẹlẹ́ẹ̀mejì! Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Brill.

Mo ní mo jẹ̀bi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Brill lójú gbogbo ayé. Mo wá sọ fún wọn nípa ojú Juniper, mo ní tí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ mí, kí wọ́n fi jẹ mí, kí wọ́n má fi jẹ ẹṣin, kò mọ nǹkan kan. Alága bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní ó dáa, wọ́n á ṣí ojú ẹ̀rọ fún ọjọ́ méje sí i, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ìsinmi ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tí ẹṣin bá kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀ọgbọ̀n, ọ̀nà á dúró. Àmọ́ ẹṣin kan kò gbọ́dọ̀ kà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóòjọ́, àlọ àti àbọ̀.

A ṣe ìṣirò nínú ọkọ̀. Juniper, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá. Canelo ẹṣin Ignacio, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ku àlọ kan àti àbọ̀ kan. Mo ní ṣé ìyẹn náà ni ìṣòro, ní ìlú tí òfin ti ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹṣin? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Joellen, ilé mọ́kàndínlógún! Ní ilé kìíní, ìgò wáìnì ló dùbúlẹ̀ síbi tí ẹṣin yẹ kó dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn lára. Ní ilé kẹta, ajá méjì ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ní ilé keje, mo bá àwọn obìnrin márùn-ún nínú ilé ẹṣin lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà, wọ́n ń wa á kíkankíkan, òógùn bò wọ́n, kẹ̀kẹ́ ò sì kúrò lójú kan, ọkùnrin kan nínú tẹlifíṣọ̀n sì ń bú wọn pé kí wọ́n yára. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀nà wà níta o. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Nínú gbogbo ilé mọ́kàndínlógún, koríko gbígbẹ kan ṣoṣo tí mo rí, wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Ìlú ẹṣin, ẹṣin méjì! Ìgbà wo ni wọ́n lọ, tí mi ò mọ̀? Ti Brill nìkan ni mi ò kàn, ojú ń tì mí.

A ń gùn. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, Juniper ń kọjá níwájú àpótí náà pẹ̀lú gbogbo ìró rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, mò ń fọwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀ láti orí gàárì, mò ń kọrin tí bàbá rẹ máa ń kọ sí i létí. Kò fò mọ́. Ó gbà mí gbọ́ ni, mo sì mọ̀ pé mi ò yẹ lẹ́ni tó yẹ kó gbà gbọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, Canelo àti òun parí tiwọn. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo so Juniper mọ́ ọgbà, mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá òpó, Ignacio dúró tì mí. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú.

Ibẹ̀ ni a wà tí mo gbọ́ ìró pátákò, kékeré kékeré. Mo gbójú sókè. Brill ni! Brill pẹ̀lú sókòtò àwọ̀sùn yẹn àti sálúbàtà, ó di okùn mú, ó ń fà á bí ẹni tó ń fa ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn rẹ̀, ẹran kan tó sanra, tí irun orí rẹ̀ bo ojú, tí ikùn rẹ̀ ń gbá koríko. Mo dìde. Mo wò ó láti èjìká dé ilẹ̀, mi ò nílò ọ̀pá ìwọ̀n. Ọwọ́ mọ́kànlá. Póní ni.

Brill ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ẹ má bínú, mà, òun ti pe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin yáni nísàlẹ̀ òkè, Pickle yìí nìkan ni wọ́n rí fún òun. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnì kan ń gba ẹ̀yìn ọgbà òun, inú ilé ẹṣin òun kò ní fèrèsé, ìwé ìlú ní òdo ni, òun kàn fọwọ́ sí i. Ó ní ìyá òun ní Ohio fọ́ lójú kó tó kú, ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ ni láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìdáná, ẹ̀gbọ́n òun sì lọ gbé àga sí i lójú ọ̀nà. Mo yà kúrò lójú ọ̀nà fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni Pickle dúró. Ìṣísẹ̀ méjì sí àpótí, ó ri ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. Brill fà á, ó fi ẹsẹ̀ tẹ Brill lórí sálúbàtà, Brill kígbe. Ignacio ń pariwo pé má dúró níwájú rẹ̀, ọ̀gá, ẹ̀gbẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́! Mo rí bàbá rẹ lójú inú mi, tó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo ní Lowell, yíjú sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Mo bọ́ sẹ́yìn Pickle, mo gbé èjìká lé e nídìí, mo tì í. Kẹ̀ẹ́! Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. A yí i padà, nígbà tó rí i pé ọ̀nà ilé ni, ó sáré, ó wọ́ Brill lọ. Kẹ̀ẹ́! Ọgbọ̀n. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

O rò pé ó parí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a tún pé jọ sí gbọ̀ngán, wọ́n tún pa iná, èmi rèé tún rí ara mi lára ògiri, ìdí Pickle ni mo gbé èjìká lé, ojú mi pọ́n bíi tòmátò. Trudy ka ọgbọ̀n. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ rí, gbé ọwọ́ sókè, ó ní òun kàn fẹ́ béèrè, lẹ́tà ojú ìwé méjì kan wà nínú fáìlì yìí. Ó kà á síta. Gbogbo rẹ̀! Póní kì í ṣe ẹṣin, kò ṣe ẹṣin rí, kò sì ní di ẹṣin lọ́la. Ó ka ibi tí mo ti ní ẹni tó bá pè é ní ẹṣin kò yẹ lẹ́ni tó ń ṣèlú. Ó ka orúkọ mi nísàlẹ̀. Ó ní nínú gbogbo wọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹṣin tó Ìyáàfin Ashcombe, ohun tí ó bá wí ni wọ́n á tẹ̀ lé. Ó yíjú sí mi, ó ní ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni ẹran inú àwòrán yìí?

Joellen, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi jẹ́ ìyàwó bàbá rẹ. Ọkùnrin yẹn lé póní ọmọ olówó jáde lórí pápá, wọ́n fẹ́ fi ẹjọ́ pa á, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Títí tó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, tí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé, ṣé póní jẹ́ ẹṣin ló máa ń bi í, á sì ní rárá. Mo dúró síbẹ̀. Mo wo Brill, tó fi aṣọ wé ẹsẹ̀. Mo rántí Juniper níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e, mo ní ẹṣin ni.

Wọn ò dí ọ̀nà náà. Wọ́n á gbé àpótí wọn lọ sọ́nà mìíràn, Trudy sì ti bẹ̀ mí pé tí mo bá rí i níbẹ̀, kí n jọ̀ọ́ má dé e ní fìlà.

Ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, koríko ti wọ́n. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé owó ilé wa yìí tó àràádọ́ta ọ̀kẹ́ dọ́là, ṣùgbọ́n mi ò lè gé pákó kan lára rẹ̀ lọ ra oúnjẹ ẹṣin. Má gba inú fóònù o. Ti ìgbà tó kọjá tí o ní o ti fi síbẹ̀, mo gbọn fóònù náà títí, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí kọ́bọ̀. Àpòòwé ni kí o fi í sí. Kí o fi ti kárọ́ọ̀tì kún un, nítorí Brill ti ra Pickle yẹn pátápátá, inú ilé ẹṣin rẹ̀ ló wà báyìí, ó ti gé fèrèsé sí i, òun àti kọ̀ǹpútà jọ ń gbé ibẹ̀. Mo ti fún Brill ní bàtà gígùn bàbá rẹ. Má bínú. Ẹsẹ̀ wọn bára mu, bàtà yẹn sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún mẹ́rin láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́. Wá kí wa kí ọdún tó parí, kí o wá rí Juniper nígbà tí ó ṣì mọ ọ̀nà. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní dí ọ̀nà rẹ, bí òkùnkùn bá sì ṣú, wàá rí ẹni tí yóò bá ọ gbé àga kúrò lójú ọ̀nà. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Verna.

Mo gbàgbé. Wọ́n ní wọ́n ti fi ìpàdé náà sínú íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ará Chicago náà lè ti rí i. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ lọ́hùn-ún, jọ̀ọ́ ọmọ mi, wò ó lójú kí o sì sọ fún un pé ẹṣin ni.